Géènì ńlá àti géènì kékeré lórí ẹ̀rọ ìmìtìtì ilẹ̀ àfọwọ́ṣe: kí ló dé tí méjèèjì fi jọ gé lórí?

ỌmọÒkèÀdó (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ìbéèrè mi ti pọ̀ jù níbí, ẹ ṣáà forí jì mí, eléyìí ti fẹ́ dà mí lórí rú.

Ẹ rántí Lehman tí mo ṣe, ẹ̀rọ tí apá ẹ̀ máa ń fì bí ilẹ̀kùn tí ilẹ̀ bá mì, èyí tí mo fi páìpù onírin ṣe apá ẹ̀, òòfà wà ní ìdí apá náà, kọ́ìlì dúró sójú kan lára férémù, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá ìsàlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń fì ní bíi 20 sẹ́kọ́ọ̀ńdù fún àlọ àtàbọ̀ kan. Kọ́ìlì wọ inú ańpù kan ṣoṣo, géènì ẹ̀ (ìlọ́po tó fi ń sọ iná kọ́ìlì di ńlá) tó 500, ańpù wọ ADS1115 (ADC ni, ó ń sọ iná di nọ́ńbà), ADS1115 wọ Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré mi, gbogbo wọn ń jẹ 3.3 fóòtì.

Ní February 2023 tí ilẹ̀ mì ní Tọ́kì, èyí tó jẹ́ 7.8 yẹn, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lóru tiwa ni, mo ti sùn. Ńgbà tí mo jí tí mo lọ wo ìlà, inú mi kọ́kọ́ dùn, torí mo rí ìgbì àkọ́kọ́ tó dé bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀, kékeré, ó mọ́ tónítóní. Àfi ìgbà tí ìgbì ńlá tó ń gba ojú ilẹ̀ wá dé, bíi ogún ìṣẹ́jú ó lé, ìlà gòkè ó pẹlẹbẹ, ó sọ̀ kalẹ̀ ó tún pẹlẹbẹ, bí ìgbà téèyàn fi rúlà fá a. Mo ní kí n tètè dín géènì kù, mo ṣì ń wá rẹ̀sístọ̀ lọ́wọ́ ni ìkejì tún dé, 7.5, aago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì ti mú iná lọ, bátìrì mi ti kú fin-ín. Orí fóònù ni mo ti ń wo ìlà tàwọn ẹlòmíì bí ẹni ń wo oúnjẹ lójú fèrèsé.

Àtìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé ṣánẹ́ẹ̀lì méjì ni màá lò. Mo wá mú rẹ̀sístọ̀ 9k àti 1k, mo fi pín ohun tó ń jáde lẹ́nu ańpù, ẹnu A0 lára ADS1115 ń gba gbogbo ẹ̀, ẹnu A1 ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo ní géènì ńlá àti géènì kékeré nìyẹn. Kamchatka dé ní July 2025, 8.8, òru ni lọ́dọ̀ wa, ìgbì ńlá ẹ̀ lò ju wákàtí kan lọ kó tó dé Ìbàdàn, mo jókòó mo ń retí ẹ̀ bí ẹni ń retí ọkọ̀ ní gáréèjì. Ó dé lóòótọ́. A0 gé lórí. A1 náà gé lórí!! Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Sólà_Akúrẹ́

Bọ̀dá mi, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ lọ ra ADC oníbíìtì 24 kẹ́ ẹ sinmi. Bíìtì 16 tí tiyín ní ti kéré jù, nọ́ńbà tó lè kà ò pọ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá ti ní 24, ẹ ò nílò géènì méjì mọ́, ẹyọ kan á gba èyí tó kéré á gba èyí tó tóbi.

BàbáKọ́ìlì (Abẹ́òkúta)

Ẹ má tíì ran ọmọlọ́mọ lọ sọ́jà o. ỌmọÒkèÀdó, kó o tó ná kọ́bọ̀, lọ ṣí fáìlì ti Kamchatka yẹn, má wo àwòrán, wo nọ́ńbà gangan. Níbi tí ìlà ti pẹlẹbẹ lórí A0, iye wo ló dúró sí? Lórí A1 ńkọ́? Àti pé ADS náà, ìwọ̀n wo lo sí i sí, ±4.096 fóòtì ni àbí ±2.048?

ỌmọÒkèÀdó

Bàbá mi, ẹ ṣeun. ±2.048 ni. A0 lọ sí 25,600 ó dúró síbẹ̀, nígbà míì 25,590, nígbà míì 25,610, ó ò ṣáà jù bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ó ní àmì ìyọkúrò níwájú. A1 dúró sí 2,560.

BàbáKọ́ìlì

Ehn-ehn. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, ADC ẹ ò jẹ̀bi rárá.

Gbọ́ bó ṣe rí. ADS1115 oníbíìtì 16 ni, tó bá jẹ́ òun ló kún, 32,767 lò bá rí. Ìwọ rí 25,600. Ní ±2.048, iye kan jẹ́ 62.5 máíkírófóòtì, ìlọ́po 25,600 jẹ́ 1.6 fóòtì géérégé. Ibo ni 1.6 fóòtì ti wá? Iná tó ò ń fún ańpù jẹ́ 3.3, àárín ẹ̀ jẹ́ 1.65, ańpù ò lè gòkè ju 1.65 lọ láti àárín, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ jù ú lọ. Ańpù ló forí gbá àjà. Ìlà ti gé kó tó kúrò lẹ́nu ańpù, ìwọ wá mú ohun tó ti gé, o fi rẹ̀sístọ̀ pín in sí mẹ́wàá, o ní géènì kékeré nìyẹn. Wo A1: 2,560, ìdá kan nínú mẹ́wàá 25,600, kò yẹ̀ rárá. Fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n ti gé orí bàbá ìyàwó kúrò nínú ẹ̀, tó o bá lọ tẹ̀ ẹ́ ní kékeré, ṣé orí bàbá á wá yọ?

Géènì kékeré gbọ́dọ̀ kúrò lára kọ́ìlì fúnra ẹ̀, kó tó dé ibi tí ìlà ti ń gé. Ńṣe ni ọ̀nà méjèèjì á jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu kọ́ìlì, kálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀ dé inú ADC.

Sólà, ọmọ mi, ìdí tí mo fi dá ẹ dúró nìyẹn. Tó bá lọ ra oníbíìtì 24 kó so ó mọ́ ẹnu ańpù yìí kan náà, 1.6 fóòtì náà láá máa rí, á kàn máa rí i kedere sí i ni.

ỌmọÒkèÀdó

Haa. Odindi ọdún méjì. Mo tún ń fi A1 yangàn fún àwọn èèyàn níbi iṣẹ́ o.

Sólà_Akúrẹ́

😂😂 Bàbá mo gbà, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ara mi díẹ̀: tó bá yọ ańpù kúrò pátápátá, tí kọ́ìlì wọ oníbíìtì 24 tààrà ńkọ́?

Táyé_LosAngeles

Ìyẹn ṣeé ṣe, àwọn kan ń ṣe é, ADS1256 tàbí ADS1220. Ṣùgbọ́n bíìtì 24 tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lèèyàn ń jẹ, bíìtì ìsàlẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀ ariwo inú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ni. HX711 tí gbogbo èèyàn ń rà torí pé kò wọ́n, ti òṣùwọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, bíìtì 24 ló pe ara ẹ̀, sáńpù (ìyẹn kíkà) 10 tàbí 80 ní sẹ́kọ́ọ̀ńdù kan, o ò lè yan èyí tó wà láàárín. Ẹni tó ti ní ADS1115 nílé, ańpù méjì ló máa ná an lówó kéré jù.

ỌmọÒkèÀdó, ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ pinnu ni pé báwo ni géènì méjèèjì ṣe máa jìnnà síra tó. Láti ìgbà tí Richter ti gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ jáde ní 1935 ni a ti mọ̀ pé tí nọ́ńbà ìmìtìtì bá fi ẹyọ kan lé, bíi láti 6 sí 7, ìlà á tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, tó bá jẹ́ ọ̀nà kan náà. Torí náà tí géènì kékeré ẹ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ńlá, o ti ra àyè ẹyọ kan lókè nìyẹn. Ìdá kan nínú ọgbọ̀n, ẹyọ kan ààbọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n jìnnà ju bíi ọgbọ̀n lọ sí ara wọn, tí wọ́n bá jìnnà jù, ìmìtìtì kan á wà láàárín tó máa gé lórí lọ́dọ̀ ńlá tí kékeré á sì rí i ràkọ̀ràkọ̀ bí àtẹ̀gùn, torí iye díẹ̀ ló máa ní níbẹ̀.

Géènì ńlá fúnra ẹ̀, orí ariwo ilẹ̀ lo máa wò tó o fi máa sí i. Lóru tí kò sí mọ́tò tí kò sí jẹnẹrétọ̀, ìlà ò gbọ́dọ̀ dúró gbagidi sórí nọ́ńbà kan, ó gbọ́dọ̀ máa mì, bíi iye 10 sí 50. Tó bá ń mì níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ lò ń gbọ́. Tó o bá tún gbé géènì sókè síwájú, ariwo náà lò ń fẹ̀, o ò rí nǹkan tuntun kankan, o wá lọ sọ àjà ẹ di kúkúrú lásán.

ÌyáÌbejì_Ifẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ariwo tí Táyé ń sọ yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ òkun ló ń ṣe é. Ìgbì òkun tó ń lu ara wọn máa ń mi ilẹ̀ ní bíi sẹ́kọ́ọ̀ńdù mẹ́fà mẹ́fà, kárí ayé ni. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú ni pé èyí tó ń mì ní sẹ́kọ́ọ̀ńdù 26, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jack Oliver kọ̀wé lé lórí ní 1962, ìsàlẹ̀ ilé wa níbí ló ti ń wá, Òkun Guinea, tí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá káàkiri ayé sì ń gbọ́ ọ. Lehman wa lè má rí i lójú, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ kíláàsì mi, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé òkun tiwa ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará ibòmíì.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Bí èmi ṣe so tèmi nìyí. INA333 méjì, ańpù kékeré ni wọ́n, wọ́n ń jẹ 3.3 fóòtì dáadáa. Rẹ̀sístọ̀ kan ló ń sọ géènì ẹ̀, o máa pín 100k sí i, o wá fi 1 kún un. Fún ńlá, fi 200 ohm, ó jẹ́ 501. Fún kékeré, fi 4.7k, ó jẹ́ 22 àti díẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn á jẹ́ bíi ìlọ́po 22 àbọ̀. Kó o má baà lọ ra INA128 tàbí AD620 torí pé ẹsẹ̀ wọn tóbi tó rọrùn láti jó sọ́dà sí o, àwọn yẹn ò lè ṣiṣẹ́ lórí 3.3, iná tó ju 4.5 fóòtì ni wọ́n ń fẹ́. INA333 kéré bí hóró ìrẹsì, ra páálí kékeré tí wọ́n fi ń gbé e kó o má baà bú ẹnikẹ́ni.

Ẹnu kọ́ìlì kan lọ sí àárín, 1.65 yẹn. Ẹnu kejì lọ sí ẹsẹ̀ INA méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í fa nǹkan kan lára kọ́ìlì, torí náà kò sí ìjà láàárín wọn. Tó o bá ní rẹ̀sístọ̀ tó o fi ń dá kọ́ìlì dúró, ẹyọ kan ṣoṣo náà ni o, kó wà lẹ́nu kọ́ìlì, má fún INA kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀.

Àárín 1.65 fúnra ẹ̀, ibi tí mo ti ṣubú ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Mo mú rẹ̀sístọ̀ méjì, mo pín 3.3 sí méjì, mo gbé e wọ ẹsẹ̀ REF (ibi tí INA ti ń mọ òdo ẹ̀) tààrà. Ìlà ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ bí ọ̀mùtí, géènì ńlá ń rìn kékeré ń tẹ̀ lé e. Fi op-amp (ańpù lásán) kékeré kan sí i láàárín kó máa gbé 1.65 náà lọ́wọ́, á dúró.

Wáyà láti kọ́ìlì kó jẹ́ oníbòrí, kó má gùn. Iná ìlú tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní sẹ́kọ́ọ̀ńdù kan máa ń wọ ibẹ̀ bí omi wọ bàtà.

ỌmọÒkèÀdó

Màmá Ìbejì, Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí. Ẹnì kan ní ẹgbẹ́ kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ sọ fún mi pé kí n fi kàpásítọ̀ sí ẹnu ańpù kí òdo má baà máa rìn, 1 µF pẹ̀lú 100k. Ṣé kí n fi sí i?

ÌyáÌbejì_Ifẹ̀

Áà rárá o! 1 µF àti 100k á gé gbogbo ohun tó bá lọ́ra ju ìgbà kan ààbọ̀ ní sẹ́kọ́ọ̀ńdù kan lọ. Ìgbì tó gbé Tọ́kì dé ilé ẹ, 20 sẹ́kọ́ọ̀ńdù ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. O fẹ́ fi asẹ́ ògì sẹ́ gaàrí nìyẹn. Fún gíófóònù (sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀ kékeré) oní 4.5 Hz, ìgbà 4.5 ní sẹ́kọ́ọ̀ńdù kan, tó ń wá nǹkan kúkúrú, kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n fún Lehman, o ti pa á.

Òdo tó ń yẹ̀ lórí INA333 kò tó nǹkan, máíkírófóòtì 25 ló pọ̀ jù ní ẹnu àbáwọlé, ìlọ́po 501 á jẹ́ bíi mílífóòtì 12, iye 200 nínú 25,600. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó o fi kọ́ọ̀dù yọ ọ́ kúrò tó bá di pé o fẹ́ ya ìlà.

Àdìó_Ṣakí

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Níbí yìí tí ilẹ̀ kì í mì, kí lèèyàn ń fi géènì kékeré ṣe? Ṣebí ti ọ̀nà jíjìn là ń gbọ́. Èmi géènì ńlá nìkan ni mo ní, kó gbọ́ èyí tó kéré jù lọ, ó ti tó mi.

BàbáKọ́ìlì

Ta ló sọ fún ẹ pé ilẹ̀ kì í mì níbí? Ọdún 1984 ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, July ni. September 2009 wọ́n gbọ́ ọ láti orílẹ̀-èdè Benin dé Èkó dé ọ̀dọ̀ wa níbí ní Abẹ́òkúta. September 2018, Mpape ní Àbújá, ọjọ́ bíi mẹ́ta léra wọn. Àwọn àgbà tó wà láyé ní 1939 náà sọ ti Accra tó mì dé Èkó, dé Ìbàdàn. Kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kéré tó wà nítòsí, géènì 500 á gé orí ẹ̀ kíá. Tó bá sì gé, kí lo fẹ́ fi han ẹni tó bá bi ẹ́ pé báwo ló ṣe lágbára tó? Wàá ní ó pẹlẹbẹ.

Àti pé ìwọ fúnra ẹ lo sọ ọ́, ti ọ̀nà jíjìn. Tọ́kì kì í ṣe ìtòsí. Ilẹ̀ Ìbàdàn lọ ó bọ̀ lọ́jọ́ yẹn bíi mílímítà kan, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ torí ó rọra lọ rọra bọ̀ ni, àmọ́ ẹ̀rọ gé lórí.

Àdìó_Ṣakí

Ó ti yé mi Bàbá, mo túúbá.

Táyé_LosAngeles

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ibi tí mo ń gbé yìí ilẹ̀ ń mì dáadáa. July 2019, Ridgecrest, 6.4 lọ́jọ́ kẹrin, 7.1 lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ní bíi aago mẹ́jọ kọjá alẹ́. Mo ní gíófóònù oní 4.5 Hz, géènì méjì, mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Ńgbà tí 7.1 dé, omi inú adágún ìlúwẹ̀ aládùúgbò mi ń dà sójú títì, ìyàwó mi di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo lọ wo ìlà lẹ́yìn náà: ńlá gé lórí, mo ti mọ̀. Kékeré ò pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ìrísí ẹ̀ ò jọ nǹkan gidi, ó ń já gọ̀ngọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwúwo inú gíófóònù fúnra ẹ̀ ń kan ògiri. Kò sí géènì tó lè tún ìyẹn ṣe, torí kì í ṣe iná ló gé, irin ló gé.

Ohun tó gbà mí ni ADXL355, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìmì alágbára, tí mo ti dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí mo fẹ́ẹ̀ má rántí, mo fi sí ±2 g. Òun ò gbọ́ ìmìtìtì ọ̀nà jíjìn rárá, ariwo ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òun ò gé. Raspberry Shake, ẹ̀rọ ìmìtìtì tí wọ́n ń tà, èyí tí wọ́n pè ní 4D náà ohun kan náà ni wọ́n ṣe, gíófóònù kan fún kékeré, sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta báyẹn fún alágbára.

BàbáKọ́ìlì

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Lehman náà ní ògiri tiẹ̀. ỌmọÒkèÀdó, òòfà ẹ ní ìdí apá yẹn, tó bá rìn ju bó ṣe yẹ lọ ó ti jáde kúrò lójú kọ́ìlì, géènì kékeré á máa ya ìlà irọ́ fún ẹ. Kọ́kọ́ fọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀, kó o wo ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, kó o sàmì sí i lára férémù pẹ̀lú tírò tàbí lẹ́ẹ̀dì.

Bíréèkì ẹ̀ ńkọ́? Tì í kó o fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sí àárín, kó kọjá díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó wá dúró. Tó bá fì lọ fì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún, àwo àlùmínọ́ọ̀mù tó wà láàárín òòfà bíréèkì ti jìnnà jù, tì í wọlé sí i. Tí kò bá kọjá àárín rárá tó ń rá kòrò padà bí ẹni tí ò fẹ́ wálé, o ti tì í wọlé jù. Géènì kí géènì tó o bá lò, tí bíréèkì ò bá dáa, ìmìtìtì kan á máa dún fún ẹ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

ÌyáÌbejì_Ifẹ̀

Kí n tó lọ kíláàsì. Má gba orí rẹ̀sístọ̀ gbọ́ pé ìlọ́po 22 àbọ̀ ni. 4.7k tó ní ìlà góòlù lára, ó lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kéré tàbí kó pọ̀. Wọ̀n ọ́n fúnra ẹ. Rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, dúró síbẹ̀ ìṣẹ́jú kan, ìwúwo ẹ á tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì díẹ̀, Lehman á fì. Kúrò. Padà. Lẹ́yìn náà mú nọ́ńbà ńlá àti nọ́ńbà kékeré ní sáńpù kọ̀ọ̀kan, fi kékeré sí ìsàlẹ̀ àwòrán, fi ńlá sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà tó tọ́ gbọnrangandan lo gbọ́dọ̀ rí, bó ṣe dagun tó ni ìlọ́po ẹ gangan. Tó o bá wá fi ọwọ́ tì í gan-an, ìlà náà á tọ́ lọ títí, á wá dédé tẹ́ pẹrẹsẹ níbi 25,600. Tó bá ti ń tẹ̀ kó tó débẹ̀, ańpù ńlá ti ń rẹ̀ kó tó kú, má gbẹ́kẹ̀ lé e ju bíi 24,000 lọ.

Nípa ADS: A0 kó jẹ́ ńlá, A1 kó jẹ́ kékeré, A3 kó jẹ́ àárín 1.65, kó o máa ka A0 sí A3, kó o ka A1 sí A3. Ẹ̀rọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Tó o bá fi sí sáńpù 128, ẹyọ kan ń gba bíi mílísẹ́kọ́ọ̀ńdù mẹ́jọ, o lè máa gba 50 fún ìkọ̀ọ̀kan láì sá eré. Ńlá àti kékeré á fi mílísẹ́kọ́ọ̀ńdù díẹ̀ yàtọ̀ síra, fún ìgbì 20 sẹ́kọ́ọ̀ńdù kò já mọ́ nǹkan kan.

Orúkọ fáìlì: àwọn onímọ̀ ti ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, lẹ́tà kejì ni H fún géènì ńlá, L fún géènì kékeré. Tó bá kọjú sí àríwá, BHN àti BLN. Gíófóònù ti Táyé tó ń wo òkè àti ìsàlẹ̀ ní sáńpù 100, EHZ àti ELZ. Àkókò kó jẹ́ UTC, àkókò àgbáyé, kì í ṣe tiwa, tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú, mo ti rí ẹni tó ń wá ìmìtìtì kan ní ibi tí kò sí ní odindi ọ̀sẹ̀ kan torí wákàtí yẹn.

Sólà_Akúrẹ́

Màmá, ẹ ní ẹ ń lọ kíláàsì 😂

ỌmọÒkèÀdó

Mo dé o. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, INA333 ló pẹ́ kó tó dé, mo sì jó ẹyọ kan.

Mo ti tú rẹ̀sístọ̀ 9k àti 1k kúrò. INA méjì wà níbẹ̀, op-amp ń gbé 1.65 lọ́wọ́. Bíréèkì mi ò dáa tẹ́lẹ̀ o Bàbá, ó ń fì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti ti àwo wọlé, ó ti ń kọjá lẹ́ẹ̀kan báyìí. Lóru, ńlá ń mì ní bíi iye 30, kékeré ń mì ní iye kan tàbí méjì, ó fẹ́ẹ̀ má mì rárá.

Ìyá tó wà ní ilé kejì ń gún iyán nírọ̀lẹ́ Sunday. Mo rí gbogbo ẹ̀ lórí BHN! Ọmọrí odó kọ̀ọ̀kan, kó-kó-kó, ó gún fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó sinmi lẹ́ẹ̀kan láàárín, bóyá ó ń da omi sí i. Lórí BLN kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà mo ṣe ti Màmá Ìbejì. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo kúrò, mo padà, ọmọ mi obìnrin ní ṣé bàbá òun ń jó ni. Mo fi ọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀ títí ńlá fi gé lórí. Ìlà tọ́ gbọnrangandan, ìlọ́po ẹ̀ jẹ́ 21.9, ó tẹ́ pẹrẹsẹ ní 25,600 bí ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti bíi 25,100. Mo wá ní kí kọ́ọ̀dù mú BLN ní ìlọ́po 21.9 níbikíbi tí BHN bá ti kọjá 24,000. Ìgbà tí ńlá wà ní pẹlẹbẹ, kékeré ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Táyé_LosAngeles

O káre! Ṣùgbọ́n fáìlì tó o ti dà pọ̀ yẹn, kó wà lọ́tọ̀. Tọ́jú BHN àti BLN bí wọ́n ṣe jáde, má fi nǹkan kan bò wọ́n. Lọ́jọ́ tó o bá rí i pé 21.9 yẹn ti yí padà, wàá fẹ́ padà síbẹ̀.

ỌmọÒkèÀdó

Mo ti ya wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún ti fi máákà kọ ọ́ sára àpótí: ŃLÁ 501, KÉKERÉ 22, ẸNIKẸ́NI MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Ó wá ku kí ilẹ̀ ibìkan mì báyìí.

ÌyáÌbejì_Ifẹ̀

Má fẹnu ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Lọ wo bátìrì ẹ.